Ojúewé Tó Tẹ̀lé E

Àwọn èèyàn a máa béèrè pé kí ló dé tí mi ò sunkún lọ́jọ́ náà títí di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Wọn kì í bi mí lójú ara mi o. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n ti ń sọ ọ́, á wá padà bá mi létí: "Ọkàn ọmọ yẹn le o. Àbúrò ẹ̀ kan ṣoṣo!" Mo ti gbọ́ ọ débi tó ti sú mi. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kó jókòó kí n sọ bó ṣe jẹ́ fún un, nítorí mi ò ní tún un sọ.

Ilé iṣẹ́ kan ní Abẹ́òkúta ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, nígbà tí àwọn ṣọ́jà wà nípò tí gbogbo nǹkan wọ́n gógó. Òkúta ni wọ́n ń fọ́ tà. Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ ọ wà lápá ọ̀nà Ewékorò, ṣùgbọ́n inú ìlú ni ọ́fíìsì wà, yàrá kan sì wà nínú ọ́fíìsì yẹn tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà sí. Yàrá yẹn nìkan ló ní ẹ̀rọ amúlétutù nínú gbogbo ilé náà. Ẹ má rò pé tiwa ni wọ́n rò tí wọ́n fi gbé e síbẹ̀, ti kọ̀ǹpútà ni. Bí iná bá lọ, wọ́n á sáré tan jẹnẹrétọ̀ kí ooru má baà mú ẹ̀rọ, àwọn èèyàn tó wà ní yàrá kejì á sì máa fi páálí fẹ́ ara wọn.

Iṣẹ́ mi kò le. Láràárọ̀ ni dírẹ́bà kan máa ń gbé díìsìkì wá láti ibi ìfọ́kùúta, nǹkan pẹlẹbẹ kan báyìí tó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ díẹ̀. Akọ̀wé tó bá ṣiṣẹ́ òru níbẹ̀ á ti tẹ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́ sínú ẹ̀: àwọn dírẹ́bà tó gbé mọ́tò jáde, iye ẹrù òkúta tí wọ́n gbé, epo tí wọ́n bù, ẹ̀rọ tó bàjẹ́, òjò tó rọ̀. Èmi ni mo máa ń kà á, tí mo máa ń yọ iye ẹrù òkúta sórí bébà fún ọ̀gá mi kí àwọn ọ̀gá ńlá tó wọ ìpàdé.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo rò pé kíkà náà ò ju kí n ní kí kọ̀ǹpútà gbé ọ̀rọ̀ jáde lọ. Yéè! Ó gbé e jáde lóòótọ́. Gbogbo ẹ̀ ló tú jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ń sáré gòkè lójú gíláàsì kọ̀ǹpútà, ojú mi ò sì mú ìlà kan níbẹ̀. Ìgbà tó máa dúró, ìparí ọ̀rọ̀ nìkan ló kù. Mo tún un ṣe, ó tún sáré. Ọ̀gá mi, ọkùnrin Ẹ̀gbá kan tó ti kàwé nílùú òyìnbó, tí kì í pariwo, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó wá fi hàn mí pé ọ̀rọ̀ kan wà téèyàn máa ń tẹ̀ mọ́ àṣẹ tó bá fún ẹ̀rọ. "More" ni ọ̀rọ̀ náà. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ẹ̀rọ náà á gbé ìwọ̀n ọ̀rọ̀ tó kún ojú gíláàsì jáde, ojúewé kan péré, á sì dúró. Á wá kọ "More" yẹn sí ìsàlẹ̀ pátápátá, pé ọ̀rọ̀ ṣì ṣẹ́kù. Kò ní mira títí n óò fi tẹ bọ́tìnì. Mo lè lọ jẹun. Mo lè lọ kírun kí n padà wá bá a. Á wà níbẹ̀.

Ohun kan tí kò lè ṣe ni kó padà sẹ́yìn. Bí mo bá ti tẹ bọ́tìnì, ojúewé tí mo kúrò lórí ẹ̀ ti lọ nìyẹn. Bí mo bá gbàgbé iye kan tí mi ò kọ sílẹ̀, àfi kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ì bá rọrùn jù ká tẹ gbogbo ẹ̀ sórí bébà, ṣùgbọ́n bébà wọ́n, yíǹkì wọ́n jù ú lọ, òkè òkun ni gbogbo ẹ̀ ti ń wá. Ọ̀gá mi sì ti ní ẹnikẹ́ni tó bá tẹ ohun tí kò pọn dandan sórí bébà, òun àti onítọ̀hún á jọ wọ ṣòkòtò kan náà. Nítorí náà, ojú gíláàsì ni mo ti ń kà á, lójúewé lójúewé, tí mo ń fi pẹ́ńsù kọ iye sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àbúrò mi ọkùnrin ń wa típà níbi ìfọ́kùúta yẹn. Àwa méjì péré la dúró fún ìyá wa. Mo fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó ga jù mí lọ, aláwàdà ni, ẹnu ẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Lọ́jọ́ tí mo ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún un, ńṣe ló káwọ́ lérí tó ń wò mí.

"Àǹtí mi, ẹ jókòó sínú òtútù láti àárọ̀, ẹ ń tẹ bọ́tìnì kan. Wọ́n sì ń sanwó fún yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá irú ẹ̀."

"Ìwọ tó ń jókòó sínú mọ́tò látàárọ̀ ńkọ́?"

"Èmi ń gbé òkè. Ẹ̀yin, iye òkè tí mo gbé lẹ̀ ń kà."

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún jọ̀ọ́."

Ó wá sí ọ́fíìsì wa lọ́jọ́ kan, ó ní òun wá gba ìwé ìsinmi, mo sì mú un wọ yàrá kọ̀ǹpútà. Mo gbé iṣẹ́ òru àná jáde, mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ títí mo fi kan orúkọ ẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ọn. Ó ní, "Háà! Wọ́n kọ orúkọ mi sí tẹlifíṣọ̀n." Ó ní kí n má tẹ bọ́tìnì o, kí n jẹ́ kó wà níbẹ̀ kí òun wò ó dáadáa. Ọ̀gá mi wọlé bá wa, ó ṣe bí ẹni tí kò rí wa, ó sì jáde. Ọmọ náà sọ ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n yẹn títí ó fi sú gbogbo ilé. Kò sí àlejò tó wọlé wa tí kò sọ fún pé orúkọ òun ti wọ tẹlifíṣọ̀n.

Mùsùlùmí ni wá, ìdílé oníṣòwò, ilé wa kò sì jìnnà sí Igbein. Ìyá wa ń ta àwo tánńganran àti ife ní Ìtokú. Nígbà tí bàbá wa kú, kò sẹ́ni tó túfọ̀ fún ìyá wa bó ṣe yẹ. Obìnrin kan ló sáré wọ ọjà tó ń ké láti òkèèrè, "Yéè, ọkọ ẹ ti kú o!" níwájú gbogbo ayé. Ibi tí ìyá wa dúró sí ló wó lulẹ̀ sí, sórí àwo. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ọpẹ́lọpẹ́ pé wọ́n tètè gbé e dé. Láti ìgbà náà ni ọwọ́ òsì ẹ̀ kò ti fi bẹ́ẹ̀ lágbára mọ́. Dókítà sọ ọ́ lójú èmi àti àbúrò mi pé ìpayà mìíràn bí irú yẹn lè pa á. Gbogbo ilé ló sì mọ̀. Bí ọ̀rọ̀ tó wúwo bá dé, kódà kó jẹ́ pé àgbò tí a so mọ́lẹ̀ fún Iléyá ló já lọ, a máa ń rọra sọ ọ́ fún un ni.

Nílẹ̀ wa, àwọn àgbà ló ń túfọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ lọ bá olórí ilé, òun á mú ẹni méjì dání. Wọ́n á jókòó ti ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Wọ́n á kí i, wọ́n á béèrè àlàáfíà ara ẹ̀ àti ti iṣẹ́ ẹ̀. Wọ́n á ní ara lágbájá ò yá. Wọ́n á dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n á ní àìsàn náà ti ń le. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n á máa mú un lọ, títí ọkàn onítọ̀hún á fi débẹ̀ fúnra ẹ̀ kí ẹnu wọn tó débẹ̀. Ohun tí ó tọ́ sí ìyá wa nìyẹn nígbà tí bàbá wa kú, tí kò rí gbà.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, díìsìkì pẹ́ kó tó dé. Dírẹ́bà tó gbé e wá kò kí mi. Mo rò pé inú ló ń bí i. Mo ní, "Ṣé a ò ní kíra wa lónìí ni?" Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà," ó sì yára jáde. Ó ti mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni òun láti sọ ọ́?

Mo gbé díìsìkì sẹ́nu ẹ̀rọ, mo sì bẹ̀rẹ̀. Lójúewé kìíní ni àwọn dírẹ́bà tó gbé mọ́tò jáde nírọ̀lẹ́ wà, orúkọ àbúrò mi sì wà láàárín wọn. Mo tẹ bọ́tìnì. Ẹrù òkúta. Mo kọ iye ẹ̀ sílẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnì. Òjò rọ̀, wọ́n dúró, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnì. Lójúewé yẹn, nísàlẹ̀, akọ̀wé fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ pé nígbà tó kù díẹ̀ kí ilẹ̀ mọ́, ògiri òkúta ya lulẹ̀ lu típà kan tó ń dúró gba ẹrù. Ó ní wọ́n ti yọ dírẹ́bà jáde nínú ẹ̀. Ó ní ó ti kú kí wọ́n tó yọ ọ́. Ó wá kọ ọ́ pé orúkọ dírẹ́bà náà ni, ṣùgbọ́n ojú gíláàsì kún kí orúkọ tó yọ. Ibẹ̀ ló dúró sí. Lábẹ́ ẹ̀, "More".

Mo wò ó. Ìka mi wà lórí bọ́tìnì. Mo gbé e kúrò níbẹ̀, mo sì gbé ọwọ́ mi méjèèjì sórí itan mi.

Àwọn dírẹ́bà tó ṣiṣẹ́ lóru yẹn pọ̀. Mo mọ̀ wọ́n lórúkọ, ojoojúmọ́ ni mò ń kà wọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n lọ́kàn mi lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, èyí tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, èyí tí wọ́n máa ń kọ nígbà gbogbo pé ó pẹ́ dé. Mo fẹ́ kó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Mo sọ ọ́ báyìí, ojú ò sì tì mí. Ẹni tí kò bá ní fẹ́ bẹ́ẹ̀, kó bọ́ síwájú kí n rí i. Níwọ̀n ìgbà tí mi ò bá tíì tẹ bọ́tìnì, kò tíì jẹ́ ẹnì kankan. Ẹ̀rọ náà ò sì kánjú, ó lè dúró dè mí títí di ọ̀la. Amúlétutù ń dún. Ní yàrá kejì, ẹnì kan sọ ọ̀rọ̀ kan, àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín.

Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Nígbà tó yá, mo tẹ̀ ẹ́. Orúkọ àbúrò mi ni, orúkọ ẹ̀ àti orúkọ bàbá wa, akọ̀wé náà ò sì ṣì í kọ.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo ka ìyókù. Lẹ́yìn orúkọ ẹ̀ ni epo tí wọ́n bù, lẹ́yìn epo ni ẹrù tí àwọn tó kù gbé kí wọ́n tó dá iṣẹ́ dúró. Mo kọ wọ́n sílẹ̀. Mo ro gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n, ìwé tí mo kọ lọ́jọ́ yẹn tiẹ̀ mọ́ ju ti ọjọ́ mìíràn lọ. Àyà mi ò já. Ńṣe ni gbogbo ara mi kú, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé pẹ́. Mò ń retí kó dùn mí. Kò dùn mí. Mo pe orúkọ ẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò yàtọ̀ létí mi sí bí mo ṣe máa ń pè é kó wá jẹun.

Ó wá ṣe mí bíi kí n tún un wò, bóyá mo ṣì í kà ni. Ẹ̀rọ náà kì í padà sẹ́yìn. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojúewé kìíní yọ, àbúrò mi wà láàárín àwọn tó gbé mọ́tò jáde nírọ̀lẹ́, wọ́n ti rọ epo sí mọ́tò ẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é. Mi ò tẹ bọ́tìnì mọ́. Orí ojúewé yẹn ni ọ̀gá mi wọlé bá mi.

Tẹlifóònù ti dún lọ́dọ̀ tiẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ojú gíláàsì, ó wo bébà tó wà níwájú mi. Ó rí i pé mo ti ro gbogbo iye ẹrù pọ̀. Ó sì mọ̀ nígbà náà pé mo ti kà á dé òpin.

"O ti rí i," ó ní.

"Mo ti rí i, sà."

"Olúwa mi o." Ó fa àga, ó jókòó tì mí. Ó ní kí n pẹ̀lẹ́. Ó ní wọ́n ti ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ olórí ilé wa, wọ́n sì ti ń múra láti gbé àbúrò mi wá sílùú. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé lọ́jọ́ náà sọ fún mi: "Jọ̀ọ́, ṣe ọkàn gírí. Nítorí màmá yín. Màmá ò gbọdọ̀ rí i lójú ẹ kí àwọn àgbà tó sọ̀rọ̀."

Mo ní, "Kò séwu, sà." Kò séwu! Ohun tó jáde lẹ́nu mi nìyẹn, bí ẹni tí wọ́n ṣèèṣì tẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ mú mi lọ sí ibi ẹ̀rọ omi, ó bọ́jú mi, ó wá mú pọ́dà jáde nínú báàgì ẹ̀, ó fi pa mí lójú. Ó ní kí ìyá mi má baà fura. Ó rọra ń pa á bí ẹni tó ń kun ìyàwó lójú, omi ń bọ́ lójú tiẹ̀. Èmi ni mo ní kó má sunkún mọ́.

Mọ́tò ọ̀gá mi ni wọ́n fi gbé mi lọ sílé. Ọjọ́ iṣẹ́ ni, ìlú ń lọ bó ṣe ń lọ. Níbi tí mọ́tò ti há díẹ̀, típà kan tó kó òkúta dúró sí ẹ̀gbẹ́ wa, mo wò ó bí mo ṣe ń wo mọ́tò mìíràn. Mò ń ronú pé kò yẹ kí n lè wò ó. Mo wò ó títí ó fi lọ.

Bàbá Àgbà, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi, wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú lèmọ́mù mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa. Ó pè mí sí kọ̀rọ̀.

"O ti gbọ́?"

"Mo ti gbọ́, sà."

"Ó dáa. A ti ránṣẹ́ pe ìyá ẹ lọ́jà. A ní aáwọ̀ kan ṣẹlẹ̀ nínú ilé, kó wá bá wa dá sí i. Tí a bá ti kí ìrun alásárì la máa sìnkú. Wọn ò ní gbé e wọ ilé yìí. Ìyá kì í débi tí wọ́n bá ti ń sin ọmọ ẹ̀, ìwọ náà mọ̀. Ìwọ jókòó tì í. Bó bá fẹ́ ṣubú, kó jẹ́ ọwọ́ ẹ ló máa ṣubú sí. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi nìyẹn: kí ìyá mi gbọ́ ọ, kó má sì kú. Mi ò ro ohun mìíràn. Mo tiẹ̀ dúpẹ́ pé wọ́n fún mi níṣẹ́ ṣe.

Kí ìyá mi tó dé, mo wọ yàrá àbúrò mi. Ó ti to àwọn bátìrì rédíò ẹ̀ sójú fèrèsé kí oòrùn lè pa wọ́n, bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe nígbà náà kí bátìrì tó ti rẹ̀ lè tún ṣiṣẹ́ díẹ̀ sí i. Ó ti bẹ̀ mí lánàá kó tó lọ síbi iṣẹ́ pé kí n bá òun yí wọn padà. Mo yí wọn padà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan gbé búrẹ́dì àti tíì fún mi, mo jẹ ẹ́ tán. Ìyẹn náà wà lára ohun tí wọ́n ń sọ: "Ó tiẹ̀ jẹun!" Bẹ́ẹ̀ ni, mo jẹun. Wọ́n gbé e fún mi, mo sì jẹ ẹ́. Mi ò mọ adùn ẹ̀, bí wọ́n bá gbé páálí fún mi, n bá jẹ ẹ́.

Ìyá mi wọlé tòun ti ìbínú, ó ń fi ìborùn nu ọrùn.

"Ta ló tún bá ta jà nínú ilé yìí? Oníbàárà wà níwájú mi o!" Ó rí àwọn àgbà, ó kúnlẹ̀. "Ẹ kúulé, Bàbá. Lèmọ́mù, ẹ kúulé o." Ló bá rí mi. "Ìwọ, kí lò ń ṣe nílé nírú àsìkò yìí?"

"Wọ́n ní kí n máa bọ̀ nílé, Màámi."

"Tòun ti pọ́dà lójú?"

Bàbá Àgbà ní, "Ìyàwó wa, jókòó." Ó jókòó lórí ẹní, mo sì lọ jókòó sẹ́yìn ẹ̀ díẹ̀, níbi tí ọwọ́ mi á ti tètè tó o.

Bàbá Àgbà béèrè ọjà. Ó ní a dúpẹ́. Lèmọ́mù béèrè ara. Ó ní ara ń lọ, Alihamudulilahi. Bàbá Àgbà wá ní, "Wọ́n ránṣẹ́ wá láti ibi iṣẹ́ ọmọkùnrin wa. Wọ́n ní ara ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yá."

"Kí ló ṣe é?"

"Iṣẹ́ òkúta, o mọ̀ bó ṣe rí. Wọ́n ní òkúta bà á."

"Níbo lára?"

Bàbá Àgbà wo ilẹ̀. "Wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù."

Mò ń wo ẹ̀yìn ìyá mi, bó ṣe ń mí. Gbogbo ohun tí bàbá yẹn ń sọ, mo ti mọ èyí tó tẹ̀lé e kó tó la ẹnu. Létí mi, ọ̀rọ̀ ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n ń sọ. Mo ti na ọwọ́ mi méjèèjì sílẹ̀.

"Wọ́n ní ó ti ń le," ni Bàbá Àgbà wí.

Ìyá mi gbé ọwọ́ sókè. "Bàbá, ẹ dúró ná."

Ó yíjú sí mi, ó wò mí pẹ́. Mo rò pé ó ti ń ṣubú, mo sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò ṣubú.

"O ti mọ̀," ó ní.

Wọn kò ní kí n sọ̀rọ̀.

"Láti ìgbà tí mo ti wọlé ni mo ti ń wo ojú ẹ. O ti mọ̀ tán. Ta ló sọ fún ẹ?"

Mo wo Bàbá Àgbà. Bàbá Àgbà mi orí pé kí n sọ.

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, Màámi. Inú kọ̀ǹpútà ni mo ti kà á."

"Ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ?"

"Èmi nìkan ni."

"Ta ló bá ẹ jókòó? Ta ló kí ẹ kó tó di pé o gbọ́ ọ? Ta ló dì ẹ́ mú?"

"Kò sí, Màámi."

Ìyá mi fi ìdí wọ́ lórí ẹní títí ó fi dé ọ̀dọ̀ mi, ó fà mí mọ́ra, ó gbé orí mi sáyà ẹ̀ bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, pọ́dà ojú mi sì lẹ̀ mọ́ bùbá ẹ̀. Ibẹ̀ ló ti bá Bàbá Àgbà sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má túfọ̀ fún mi. Ọmọ yìí ni kẹ́ ẹ túfọ̀ fún. Àbúrò ẹ̀ ni, kò sì sẹ́ni tó túfọ̀ fún un, irin ló sọ ọ́ fún un. Ẹ sọ ọ́ fún un bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún èèyàn. Èmi náà á máa gbọ́."

Bàbá Àgbà àti lèmọ́mù wo ara wọn. Ìrun alásárì ti ń sún mọ́, àwọn ọkùnrin ti ń dúró dè wọ́n lóde. Mo rò pé Bàbá Àgbà á kọ̀. Ó dìde lórí àga, ó wá jókòó sórí ẹní níwájú mi, orúnkún ẹ̀ ń dún. Bàbá tó jẹ́ pé láti ìgbà tí mo ti dáyé, èmi ni mo máa ń kí i kó tó dá mi lóhùn, òun ló kọ́kọ́ kí mi.

"Ọmọ mi, o kú iṣẹ́."

"Ẹ ṣé, sà."

"Ara ńkọ́?"

"Ara ń lọ, sà."

"Ibi iṣẹ́ ńkọ́? Ṣé wọ́n ń tọ́jú ẹ?"

"Wọ́n ń tọ́jú mi, sà." Ohùn mi ti ń yí padà, mi ò mọ ìdí ẹ̀.

"A dúpẹ́." Ó wo ojú mi. "Àbúrò ẹ, ara ẹ̀ ò yá."

Ẹ gbọ́, mo mọ̀ pé ó ti kú. Mo ti kà á, mo ti rí orúkọ ẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí bàbá yẹn ní ara ẹ̀ ò yá, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé, háà, ara ẹ̀ ò yá, ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ̀? Mo béèrè pé kí ló ṣe é, bí ẹni tí kò mọ̀.

"Òkúta bà á."

"Ṣé ó pọ̀, sà?"

"Ó pọ̀ díẹ̀." Ó dákẹ́, ó jẹ́ kí n dé ibi tó wà. Lèmọ́mù ń ṣàdúà lábẹ́ ahọ́n. "Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n sapá lórí ẹ̀."

Mo di bùbá ìyá mi mú. Mo ní, "Bàbá, ẹ dákun."

"Ọmọ mi, Ọlọ́run ló fún wa." Ó di ọwọ́ mi mú. "Òun náà ló ti gbà á. Ó ti lọ, ọmọ mi."

Mo ní irọ́ ni. Mo ké e sókè, "Irọ́ ni o, Bàbá! Irọ́ ni!" àwọn tó wà lóde sì gbọ́ ọ. Ìyá mi dì mí mú gírígírí, òun náà ń ké, ó ń pe orúkọ àbúrò mi, kò sì ṣubú.